Ọjọ́ kan péré ní Louvre: kí ni kí màmá mi kọ́kọ́ rí?

Àbíkẹ́ Peckham: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Paris lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní ààfin ọba ni Louvre tẹ́lẹ̀ kó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Orúnkún ń dun màmá, wọn ò lè dúró pẹ́, àwòrán Mona Lisa ò sì jẹ wọ́n lógún. Kí ló wà níbẹ̀ tó máa wọ̀ wọ́n lọ́kàn?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ kú ìmúra. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í ṣí. Wọ́n ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà á fún màmá.

Lábẹ́ ilẹ̀, lápá Sully, ẹ óò rí ìpìlẹ̀ ilé odi tí Ọba Philippe Auguste kọ́ ní nǹkan bí 1190. Ẹ sún mọ́ òkúta náà: àwọn tó gbẹ́ ẹ fín àmì ọkàn sí i lára. Louis XIV kó lọ sí Versailles ní 1682, ààfin náà wá di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ará ìlú ní 1793.

Ṣùgbọ́n torí ère Gu ni kí ẹ ṣe lọ. Ògún wa náà ni, bí àwọn Fọn ṣe ń pè é nìyẹn. Akati Ekplékendo ló rọ ọ́ ní Àbọ́mẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó sì ga tó géńdé. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́! Irin pẹlẹbẹ ló tẹ̀ bí ẹ̀wù sí i lára. Ẹ wo orí fìlà rẹ̀, irinṣẹ́ wínníwínní ló tò sí i, títí kan ìwọ̀ ẹja. Ní 2000 ni wọ́n gbé e sí Pavillon des Sessions, apá kan nínú Louvre tí wọ́n ti ń pè ní Galerie des Cinq Continents báyìí.

Túndé Ìṣàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n, ṣé Faransé ò tíì dá ẹrù Àbọ́mẹ̀ padà ni?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Nǹkan 26 ni wọ́n dá padà ní oṣù kọkànlá 2021, lára ohun tí ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní Àbọ́mẹ̀ ní 1892. Gu ò sí níbẹ̀. Talon, tó jẹ́ ààrẹ Benin nígbà náà, sọ ọ́ lójú Macron, ààrẹ Faransé, pé ayọ̀ òun ò lè kún nígbà tí Gu ṣì wà ní Faransé. Òótọ́ ló sọ. Ó yẹ kó padà sílé.

Àbíkẹ́ Peckham: Ẹ ṣeun gan-an. Màmá ní ṣé wọ́n á jẹ́ kí àwọn ki oríkì Gu níbẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Kí wọ́n rọra kì í, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Èmi náà ki oríkì rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀.