Wíńdò tó ń yọjú fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Dámilọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò mi tó ń ṣe projẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì ló gbé flash dé láti ibi tí wọ́n ti ń bá a tẹ iṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe fi í sára kọ̀ǹpútà báyìí, gbogbo fódà inú flash náà ti di shortcut, àmì tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì míràn. Windows Defender, apafáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá, gbá fáìlì kan mú, ó pa á. A ní ó ti tán. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a tan kọ̀ǹpútà, tí wíńdò kékeré kan yọ sí wa: "Windows Script Host" ló wà lórí rẹ̀, "Can not find script file" wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ fáìlì jágbajàgba kan tó parí sí .vbs. A tẹ OK, ó lọ. A tún tan án, ó tún dé.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní àfi ká format ẹ̀, ká nu gbogbo ohun inú ẹ̀ nù. Format kẹ̀? Nítorí wíńdò tí kò tó àtẹ́lẹwọ́! Gbogbo fọ́tò ìkómọjáde ló wà níbẹ̀.

Wíńdò yẹn kọ́ ni àrùn. Fáírọ́ọ̀sì ti kú. Àṣẹ tó fi sílẹ̀ pé kí Windows máa pe òun ní kùtùkùtù ni kò kú. Ó dà bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ tó ti kúrò ní kíláàsì: yóò máa pè é títí wọn yóò fi fagi lé e nínú rẹ́jísítà.

Mo kọ orúkọ fáìlì yẹn sílẹ̀. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager ṣí, mo lọ sí Startup, níbi tí orúkọ àwọn ohun tó ń bá Windows jí wà. Ibi tó ti ń dá ojú rú nìyí: orúkọ yẹn ò sí níbẹ̀. "Microsoft Windows Based Script Host" ni mo rí, orúkọ ọmọlúàbí pátápátá. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àkọlé òkè, mo mú Command line, àṣírí tú: .vbs wa rèé! Mo yan Disable. Kò yọjú mọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé:
Ẹ kú làákàyè, Ìyá Dámilọ́lá. Wíńdò dúdú ni tèmi, mo bá ń tẹ iṣẹ́ lọ, á ṣẹ́jú pẹ́, á lọ. Kò jẹ́ kéèyàn rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Inú Task Scheduler, níbi tí Windows ń to iṣẹ́ tó ń dá ṣe ní àkókò wọn sí, ló sá pamọ́ sí. Mo wo Last Run Time, ìyẹn ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, mo wá èyí tí aago rẹ̀ bá ìgbà tó ṣẹ́jú mu. Mo Disable ẹ̀ ná, mi ò pa á rẹ́, bóyá nǹkan gidi ni.

Àǹtí Ṣadé:
Flash àbúrò yín ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó format òun náà o. Àwọn fódà rẹ̀ ò lọ, ńṣe ni wọ́n fi wọ́n pamọ́. Kí Defender kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí cmd, wíńdò tí a ń kọ àṣẹ sí. Tí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún flash bá jẹ́ E, ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kí ẹ tẹ Enter. Wọ́n á jáde. Ẹ wá pa àwọn shortcut yẹn, ẹ má ṣí ìkankan o. Ṣíṣí yẹn gan-an ló ń jí fáírọ́ọ̀sì.

Ìyá Dámilọ́lá:
Wọ́n ti jáde, àǹtí mi. Chapter 4 tí àbúrò mi ń tìtorí ẹ̀ sunkún wà níbẹ̀ digbí.