Eré ńlá ní Ámfì (gbàgede eré tí ìjókòó rẹ̀ ga sókè ní ìpele ìpele) ní Ifásitì Ifẹ̀: ìlù, ijó, òkìtì àti síkírìnì pọ̀. Kí ló máa ń dà á rú?

Akọ́niníjó_Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oníjó 24, onílù 11, atàkìtì 6 tí méjì nínú wọn yóò máa rọ̀ sórí aṣọ gígùn lókè, àti síkírìnì LED tó fẹ̀ ní mítà 6 tó sì ga ní mítà 4. Ámfì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Odùduwà la fẹ́ lò, wákàtí kan àti ààbọ̀. Ibo ni ewu wà? Ẹ má tan mí o.

Wáyà_Pupa: Iná. Síkírìnì yẹn nìkan, pánẹ́ẹ̀lì 12 ní ìbú, 8 ní òró, ìyẹn 96. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ 200 wátì nígbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá funfun, ó ti di kilowátì 19 ó lé. Ẹ pín in sórí fésì (ẹ̀ka iná) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má kó o sórí ẹyọ kan. Jẹnẹrétọ̀ 100 kVA, kilowátì 80 ló lè gbé, ẹ má jẹ́ kó kọjá 60. Ohùn gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Bó bá bá ìmọ́lẹ̀ jẹ nínú àwo kan, sípíkà yóò máa kùn bí oyin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìjẹ̀ṣà_Gidi: Dísù ńkọ́?

Wáyà_Pupa: Bíi lítà 16 sí 20 ní wákàtí kan fún èyí tó bá ń gbé kilowátì 60. Ọjọ́ ìdánrawò ló ń jẹ dísù jù, kì í ṣe ọjọ́ eré.

Ìjẹ̀ṣà_Gidi: Ẹ kàn gbàdúrà kí ẹni tó máa yá yín ní jẹnẹrétọ̀ má jẹ́ ọmọ Iléṣà. Ọ̀ṣọ́mààló ni yóò fi gba owó rẹ̀, lórí pèpéle, lójú òǹwòran.

Ojú_LED: Kí ẹni tó ń ṣe fídíò yín mọ ìwọ̀n rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì 3.9 (mílímítà 3.9 láti àmì ìmọ́lẹ̀ kan sí èkejì) tí àmì rẹ̀ jẹ́ 128 lọ́nà méjèèjì, gbogbo síkírìnì di 1536 × 1024. Bó bá gbé 1920 × 1080 wá, wọn yóò gé orí oníjó kúrò tàbí kí wọ́n fún un pọ̀. Iye àmì náà lé ní 1,570,000, bẹ́ẹ̀ ihò wáyà kan lára àpótí tó ń pín àwòrán kì í gbé ju nǹkan bí 650,000 lọ. Wáyà 3 nìyẹn, kí ìkẹrin wà nílẹ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì kan bá wọn kilo 8, kilo 768 lẹ fẹ́ gbé dúró, a ò tí ì ka irin tó gbé e. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì inú ilé ò lè bá oòrùn jà.

Okùn_Òkè: Ẹ ń sọ̀rọ̀ iná, èèyàn méjì ń bẹ lókè tí wọn ò ní ìyẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kilo 60 ni atàkìtì kan. Bó bá já ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú aṣọ tó sì dúró lójijì, okùn lè rí i bí ìlọ́po 5: kilo 300. Ohun tó bá gbé èèyàn, ìlọ́po 10 ìyẹn la fi ń ra irinṣẹ́ rẹ̀. Kilo 3,000, bíi 30 kN (kN kan tó bí ẹrù kilo 100). Carabiner (ìkọ́ irin tó ń ṣí tó sì ń padé) tí wọ́n kọ 22 kN sí lára kò tó, ẹ lọ ra ti irin tó lé ní 40. Nọ́mbà yẹn gan-an, gígùn rẹ̀ nìkan ló wà fún. Bí nǹkan bá fà á ní ìbú, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò padé, ó lè já wálẹ̀ sí bíi 7.

Ní 2014, ní Providence ní Amẹ́ríkà, obìnrin 8 tí wọ́n fi irun rọ̀ ní eré sákọ́ọ̀sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Carabiner kan ṣoṣo ló ṣẹ́, ibi tó ju méjì lọ ni wọ́n ti ń fà á.

Akọ́niníjó_Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè so ó mọ́ ara kọnkéré tó ti wà níbẹ̀?

Okùn_Òkè: Rárá o! Àfi tí ẹnjiníà bá fọwọ́ sí ìwé. Truss (férémù irin) tó dúró láti ilẹ̀ ni, kí pákó tó nípọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má so síkírìnì àti èèyàn mọ́ irin kan náà. Mátìrẹ́ẹ̀sì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó gba ẹni tó já láti mítà 6 là. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ló wà fún.

Ìyá_Aláṣọ: Aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn gòkè. Ìlẹ̀kẹ̀ a máa há sínú aṣọ.

Kọ̀ǹpútà_Lọba: Gbogbo èyí rọrùn bí ẹ bá fi timecode (àmì àkókò tí gbogbo ẹ̀rọ ń kà) so ohun gbogbo pọ̀. Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀, fídíò, orin, gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé ago kan. Ẹ fi click (ìró kékeré tó ń ka lílù) sí etí àwọn onílù, ó parí.

Ìyáàlù_Ò_Purọ́: Ó parí ní ilé ta? Ẹ fi click sí etí oníyàálù, ó ti di òkú nìyẹn. Ṣé inú ago ni ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ ni?

Kọ̀ǹpútà_Lọba: Bùọ̀dá, ìṣirò ni. Bí fídíò bá wà fún lílù 100 ní ìṣẹ́jú kan, tí onílù sì ń lu 104, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti fi lílù 12 ṣáájú fídíò. Bíi ìṣẹ́jú àáyá 7 nìyẹn. Òkun ń ru lójú síkírìnì, oníjó ti wọlé lọ.

Ìyáàlù_Ò_Purọ́: Kí fídíò dúró de ìlù, kì í ṣe kí ìlù máa lé fídíò. Ẹ gé fídíò sí abala abala, kí ìparí abala kọ̀ọ̀kan máa yípo títí ìyáàlù yóò fi pe gbólóhùn tẹ́ ẹ ti fẹnu kò lé. Ẹni tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ìlù. Ẹ má gbé ọmọ tó kàn mọ kọ̀ǹpútà sídìí rẹ̀.

Ọmọ_Ẹnuwá: Kò sí wáyà ní Orí Olókun, ibùdó eré ní Ifẹ̀, ní 1968, wọ́n sì ṣe eré.

Ojú_LED: Kò sí síkírìnì kilo 768 náà.

Omele_Mi: Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀nà kan wà láàárín. Gúdúgúdú ni kẹ́ ẹ fi click sí létí. Òun ló ń di ìlù mú tí kì í yẹ̀, yóò di gbogbo ẹgbẹ́ mú, ìyáàlù á sì máa sọ tẹnu rẹ̀ lórí rẹ̀ láìwọ ohunkóhun. Ìyẹn fún dùndún o. Ti bàtá kò rí bẹ́ẹ̀, oníjó àti ìyáàlù ń dá ara wọn lóhùn níbẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà_Lọba: Ti gúdúgúdú yẹn, mo gbà.

Okùn_Òkè: Nígbà tí atàkìtì bá ń wé aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ lókè, kò sí click tàbí gúdúgúdú. Bó bá nílò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí i, ohun gbogbo á dúró dè é. Orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í dúró, ìdí nìyẹn tí ìlù ojúkorojú fi dára jù ní apá yẹn. Kí olórí onílù kọjú sí òkè, kó má kọjú sí òǹwòran.

Ìyáàlù_Ò_Purọ́: Ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun!!

Etí_Dídán: Ẹ ò tíì sọ ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ohùn ń rìn ní bíi mítà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ooru wa. Ẹni tó wà ní mítà 35, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló fi pẹ́ kó tó gbọ́. Bí ẹ bá gbé sípíkà sí àárín ìjókòó, ẹ dá a dúró títí ohùn pèpéle yóò fi dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sí 15 lé e. Etí á rò pé láti pèpéle ni. Èyí tí kò ní ìdádúró, gángan méjì ni wọn yóò gbọ́.

Omele_Mi: Òjò ńkọ́? Awọ á dẹ̀, ìda ojú bàtá á rọ̀.

Etí_Dídán: Ìlù méjì méjì, kí ọ̀kan wà níbi gbígbẹ. Tí àrá bá sán, kí gbogbo èèyàn kúrò lórí irin. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹnikẹ́ni tó padà gòkè.

Ìjẹ̀ṣà_Gidi: Ẹ gbé e wá sí pápá ìṣeré Iléṣà, ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀.

Ọmọ_Ẹnuwá: Kí a wá máa wo ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó níwájú? Ámfì ga sókè, kò sẹ́ni tí kò ní rí ẹsẹ̀ oníjó.

Wáyà_Pupa: Ohun kan sí i. Nínú íápíìsì (ẹ̀rọ etí) àwọn tó ń darí, ẹ má fi "ó yá" ṣe àṣẹ. Gbogbo ẹnu ló ń sọ "ó yá" ní ìdí pèpéle, ẹnì kan á tẹ bọ́tìnnì ṣáájú àkókò.

Akọ́niníjó_Ifẹ̀: Kí la máa wá sọ? "Lọ"?

Kọ̀ǹpútà_Lọba: "Má lọ" ńkọ́? Bí íápíìsì bá gé "má" jẹ, atàkìtì ti wà lókè nìyẹn.

Ìyáàlù_Ò_Purọ́: Nígbà yìí, mo gbà fún òyìnbó. Ẹ sọ nọ́mbà àṣẹ náà, kẹ́ ẹ wá sọ "GO".