Ìtọ́jú mímí tó ń dúró lójú oorun: kí ni ẹ̀rọ CPAP yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn àti ṣúgà yín?

Mo kí gbogbo yín o. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nítorí pé ọ̀nà méjì péré ni mo sáábà máa ń gbà gbọ́ nípa àìsàn mímí tó ń dúró lójú oorun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Àwọn kan á ní CPAP, ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ imú, yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn sàn pátápátá, àwọn mìíràn á sì ní kò wúlò fún nǹkan kan ju kó pa ìhanrun lẹ́nu mọ́ lọ. Ohun tí ojú tèmi rí kò bá ìkankan nínú méjèèjì mu. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sì sọ tiyín, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ fún lè mọ ohun tó yẹ kó máa retí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé ibi àyẹ̀wò, kì í ṣe oorun. Oògùn mẹ́ta ni mo ń lò pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tó ń múni tọ̀, síbẹ̀ òǹkà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi kò kúrò ní àyíká 150. Dókítà mi kò sáré fi ẹ̀kẹrin kún un. Ó bi mí bóyá mo máa ń hanrun, ó sì yíjú sí ìyàwó mi tó bá mi lọ, ó ní ṣé èémí mi máa ń dá dúró. Ìyàwó mi ti ń fèsì kí n tó la ẹnu. Ó ní n óò máa hanrun lọ, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ lójijì, àyà àti ikùn mi á máa fà, afẹ́fẹ́ kò sì ní wọlé, àfi ìgbà tí mo bá ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Èmi kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìtọ̀ máa ń gbé mi dìde léraléra lóru, orí máa ń fọ́ mi bí ilẹ̀ bá mọ́, oorun sì máa ń gbé mi lórí ìjókòó lọ́sàn-án.

Àyẹ̀wò náà kò le. Wọ́n de ìgbànú mọ́ mi láyà àti níkùn, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sábẹ́ imú mi, wọ́n sì fi ohun tó ń ka ọ́síjìn há mi ní ìka. Bí èémí bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹyọ kan nìyẹn. Bí kò bá dúró ṣùgbọ́n tí ó dínkù gan-an, tí ọ́síjìn sì já wálẹ̀, wọ́n ń ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Wọ́n á wá pín àpapọ̀ rẹ̀ sí iye wákàtí tí ènìyàn fi sùn. Bí kò bá tó 5 ní wákàtí kan, kò sí ohun tó ń ṣe ènìyàn. Láti 30 sókè ni wọ́n ń pè ní èyí tó le. Tèmi lé ní 40, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mi sì ń já bọ́ sí 78 nínú 100 nígbà mìíràn.

Àlàyé tí dókítà ṣe fún mi lẹ́yìn náà ni kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Bí ènìyàn bá sùn, ẹran ara ọ̀fun á dẹ̀, fún àwa tí a ní àìsàn yìí, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á pa dé. Ọ́síjìn á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á fura, adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ìfúnpá á ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn á sì jí díẹ̀, tí kò ní rántí pé òun jí. Ẹ wá fojú inú wo kí èyí máa ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lóru kan ṣoṣo. Ìfúnpá tó yẹ kó rọlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń sùn kò ní rọlẹ̀ mọ́, nígbà tó bá sì yá, gíga tó ga lóru á bá a di ojúmọ́. Ìtọ̀ òru náà wá láti ibẹ̀: bí àyà ṣe ń fà sí ọ̀fun tó ti dí, yàrá ọkàn á nà, ọkàn á sì tú homonu kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó da omi nù.

Ẹ̀rọ CPAP tí wọ́n gbé fún mi kò ní idán kankan nínú. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981. Atẹ́gùn ni ó ń fẹ́ gba inú rọ́bà wọ imú, kí ọ̀fun má lè pa dé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló nira. Ìbòmú àkọ́kọ́ há mi lórí egungun imú títí ó fi pọ́n, atẹ́gùn ń yọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ sí mi lójú, omi sì ń rọ́ nínú rọ́bà. Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi yanjú rẹ̀: ó fún mi ní ìbòmú kékeré tó kàn jókòó sí ẹnu ihò imú, ó ní kí n tú okùn rẹ̀ díẹ̀ dípò kí n máa fún un pọ̀, ó sì pààrọ̀ rọ́bà náà sí èyí tó ń móoru fúnra rẹ̀.

Ìtọ̀ òru ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Orí fífọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kò yára: òǹkà òkè wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí nǹkan bí 140, oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ń lò síbẹ̀. Inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i, torí pé ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Spéìnì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, tí ó wo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọ́ oògùn bíi tèmi, fi hàn pé nǹkan bí òǹkà 3 péré ni ẹ̀rọ náà fi mú ìfúnpá ọ̀sán àti òru wálẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Èyí tí mo rí ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ ó da oògùn nù bí ẹ bá ti gbé ìbòmú wọ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ní àtọ̀gbẹ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tèmi jẹ mọ́ ṣúgà. N kò fi bẹ́ẹ̀ hanrun. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni, n kì í sì í sùn wọra. Nítorí pé nǹkan oṣù mi ti ń dáwọ́ dúró nígbà náà, gbogbo ènìyàn di ẹ̀bi lé ìyẹn lórí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ nítorí pé àìsàn náà kì í fi ariwo hàn lára wa bíi ti àwọn ọkùnrin.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, ara mi fúyẹ́, mo lè fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ láìsùn. Mo wá gbójú lé e pé ṣúgà á wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Òǹkà HbA1c mi, èyí tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, dúró síbi tó wà, àfi bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Dókítà ní kì í ṣe èmi nìkan: òótọ́ ni pé àìrí ọ́síjìn àti oorun tó ń já lóru máa ń mú kí ara kọ etí ikún sí insulin, homonu tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, CPAP nìkan kì í mú òǹkà yẹn wálẹ̀ ní ọ̀nà tó ṣe é gbójú lé. Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu, pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà máa ń sanra díẹ̀ sí i ní ìpíndọ́gba. Mo wo ara mi lórí òṣùwọ̀n, mo sì rí i.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti wá ni ìwọ̀n ara. Ìwádìí ọlọ́dún pípẹ́ kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, ti fi hàn pé ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ bá fi ìdá 10 nínú 100 dínkù, iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń dúró á dínkù ní nǹkan bí ìdá 26. Dókítà fi mí sórí tirzepatide, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó ń dín ṣúgà àti ìwọ̀n ara kù. Ní 2024 ni wọ́n tẹ èsì ìwádìí méjì jáde lórí oògùn yìí fún àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí wọ́n sì ní sleep apnea: iye ìdádúró èémí wọn fi nǹkan bí 25 sí 29 dínkù ní wákàtí kan lẹ́yìn ọdún kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì wálẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí gan-an. Èébì àti inú rírun fojú mi rí màbo ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà mi wálẹ̀, wọ́n sì dín agbára atẹ́gùn ẹ̀rọ mi kù nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò oorun ṣe. N kò tíì gbé ẹ̀rọ náà jù sílẹ̀ o, wọ́n ní kò tíì yá.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọkàn kún un. Wọ́n ti fi stent, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí sílẹ̀, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi kí wọ́n tó mọ̀ pé mo ní sleep apnea, ohun tí mo sì fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹ̀rọ yìí á dáàbò bò mí kúrò lọ́wọ́ ìkọlù kejì? Ìdáhùn tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní SAVE, tó jáde ní 2016, kó ènìyàn 2,717 jọ tí wọ́n ti ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún 3.7 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó lo ẹ̀rọ kò bọ́ lọ́wọ́ ikú, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Oorun ọ̀sán wọn dínkù, inú wọn sì dùn sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló mọ.

Bí mo ṣe wá wò ó dáadáa ni mo rí i pé wákàtí 3.3 péré ni wọ́n ń fi lo ẹ̀rọ náà lóru ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí àwọn mìíràn pa ìwádìí yìí àti méjì mìíràn pọ̀ ní 2023, wọ́n rí i pé ewu náà dínkù ní nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 fún àwọn tó lò ó tó wákàtí 4 lóru, ó kéré tán. Inú àwọn kan dùn sí èyí jù. Ní tèmi, mo ń rántí pé ẹni tó ní sùúrù láti de ìbòmú mọ́jú ni yóò máa lo oògùn rẹ̀ déédéé pẹ̀lú, kò sì rọrùn láti ya èrè ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Mo ń lo ẹ̀rọ mi nítorí pé mo ń jí pẹ̀lú okun. Aspirin àti oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ọkàn mi lé lọ́wọ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá ara yín lẹ́rọ. Oríṣi sleep apnea kan wà tí ọ̀fun kì í dí níbẹ̀ rárá. Ọpọlọ ni kì í rán iṣẹ́ sí àyà pé kó mí, a sì máa ń rí i lára àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ẹ̀rọ kan wà tó jọ CPAP, tí wọ́n ń pè ní ASV, tó ń yí agbára atẹ́gùn padà fúnra rẹ̀. Ìwádìí SERVE-HF, ní 2015, fi hàn pé ikú pọ̀ sí i láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tó lò ó. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó ń ṣe ènìyàn kí ó tó gbé ẹ̀rọ fún un.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ tún padà wá:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá òun lè bọ́ ìbòmú kúrò bí wákàtí 4 bá ti pé, nígbà tó jẹ́ pé òǹkà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Ohun tí dókítà mi sọ ni pé oorun tí a fi ń lá àlá, ìdajì ìkẹyìn òru ló pọ̀ sí jù, ibẹ̀ gan-an ni ẹran ara ọ̀fun ti ń dẹ̀ jù lọ, tí ìdádúró èémí sì máa ń gùn, tí ọ́síjìn máa ń já jìnnà. Ẹni tó bá bọ́ ọ ní aago mẹ́ta òru ti fi apá tó le jù sílẹ̀ láìtọ́jú. Èyí tí mo ń ṣe ni pé bí mo bá jí, n kì í fọwọ́ kan okùn orí rárá. Mo kàn ń tú rọ́bà kúrò níwájú ìbòmú, màá lọ tọ̀, màá sì so ó padà kí oorun tó dá lójú mi.