Ògiri yàrá wa ń bu: ṣé páìpù ló ń jò ni?

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ará. Kúbwà níbí ní Àbújá là ń gbé. Látìgbà tí òjò ti dé ni àmì dúdú dúdú ti ń yọ lẹ́yìn wọ́dúróòbù wa, lára ògiri tó pààlà pẹ̀lú ilé ìwẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í lọ, kódà tí a bá ṣí fèrèsé. Aṣọ òfì tí mo kó pamọ́ ti bu. (Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta òfì báyìí á bá mi kẹ́dùn.)

Nísàlẹ̀ ògiri pálọ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun náà ń yọ, àmọ́ ìyẹn yòrò nígbà tí mo wọ́n omi sí i. Iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì ni mo kà á sí. Èyí dúdú ò yòrò, òun ló ń bà mí lẹ́rù, torí ọmọ mi ní ásímà.

Onílé ní ká kàn kun ọ̀dà lé e. Lórí ògiri tútù? Á tún bó ni. Aládùúgbò mi ní kí n po jíìkì mọ́ fíníga. Mo kọ̀, èéfín àwọn méjèèjì léwu.

Ṣé tí mo bá ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, tí omi táńkì sì fà kílẹ̀ tó mọ́, páìpù inú ògiri ló ń jò nìyẹn? Àbí ọ̀nà mìíràn wà tí a ò fi ní fọ́ táìsì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá onílé fa irú èyí rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ tó fi gbà láti tún un ṣe?