Wọ́n ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá gba ọmọ l'Óṣogbo: oríkì ta ni ká máa kì í?

Aláró Òkè-Fìà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Aṣọ àdìrẹ ni mo ń ṣe, ní Òṣogbo níbí. Àbúrò mi ọkùnrin ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Amẹ́ríkà, ní Baltimore. Ó fẹ́ ìyàwó, ọmọ Ìkìrun, ọdún kẹrìnlá rèé, wọn ò rí ọmọ bí. Mi ò ní ka gbogbo ibi tí a gbà lọ fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú Ọ̀ṣun la wà. Gbogbo oṣù kẹjọ ni mo ń rí àwọn tó ń ti òkèèrè wá tọrọ ọmọ létí odò, èmi náà ti bu omi yẹn sínú ike fi ránṣẹ́ rí. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú ló gbà á dànù.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn méjèèjì pinnu láti gba ọmọ. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní I-600A, ti ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹni tó fẹ́ gba ọmọ òrukàn láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n tẹ̀ka, òṣìṣẹ́ kan wá yẹ ilé wọn wò lọ́hùn-ún, ó ka iye yàrá, ó bi wọ́n ní iye tó ń wọlé fún wọn, ó tiẹ̀ béèrè bí ìyá wa ṣe máa ń bá wọn wí ní kékeré. Ẹ̀rín pa mí. Ìwé àṣẹ jáde. Àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọ ní Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà, náà ti bá wa rí ọmọ kan ní ilé ọmọ aláìlóbìí, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìkókó ni nígbà tí wọ́n rí i he, kò sì sẹ́ni tó yọjú títí dòní pé òun ló bí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì òní ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní ọmọ gbọ́dọ̀ gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Ilé mi ni ìyàwó máa dúró sí. Àbúrò mi á padà sẹ́nu iṣẹ́, á tún wá lọ́jọ́ kóòtù.

Mo ti lọ rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ aláró kì í mọ́. Bí mo ṣe jókòó, ó di ìka mi mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, fúù, fúù. Ẹ̀rín pa obìnrin tó ń tọ́jú wọn, ó ní bí òun ṣe máa ń fẹ́ ojú egbò fún wọn nìyẹn, ọmọ náà rò pé mo fara pa ni. Láti ọjọ́ yẹn, oorun mi ò dọ́gba mọ́.

Obìnrin yẹn nìkan ló mọ̀ ní ìyá. Báwo la ṣe fẹ́ mú un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ wá sílé tó kún fún àjèjì, ká tún wá gbé e wọ bàálù lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ sọ fún mi.

Èkejì ni ìjà ilé wa. Ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ti ń ki ọmọ tí kò tíì rí. Ọ̀fà ni baba ńlá wa ti wá, nítorí náà "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ló ń pè é káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní Àjàgbé. Àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ àlùfáà Mùsùlùmí, yarí. Ó ní Súrà Al-Ahzab sọ ọ́ kedere pé orúkọ bàbá wọn ni ká fi máa pè wọ́n, bí a ò bá sì mọ bàbá wọn, ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn ni wọ́n. Ó ní ká tọ́ ọmọ, ká bọ́ ọ, ká rán an níléèwé, láádá ńlá ni, àmọ́ ká má gbé ìran tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ṣé oríkì dà bí ilẹ̀ ni, tí mo bá gé fún un, tiyín á kéré?" Láti ìgbà náà wọn ò kí ara wọn dáadáa. Àbúrò mi tó ni ọ̀rọ̀ ní òun ò dá sí i, orúkọ òun ló máa wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Èmi ni wọ́n fi sáàárín.

Ìyá Ìbejì Houston:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọdún 2017 la gba ọmọbìnrin tiwa ní Ìbàdàn (kí Ọlọ́run tó wá fi àwọn ìbejì jínkí mi), ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Bódìjà la sì dé sí. Àṣìṣe mi ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Lọ́jọ́ tí a gbé e délé, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń dúró dè wá. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin síta. Ẹni yìí gbà á, ẹni yẹn gbà á. Ọmọ náà ò sunkún rárá, gbogbo wa ń yìn ín pé ó níwà. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé ẹ̀rù ló pa á lẹ́nu mọ́. Kò yàgbẹ́, kò béèrè omi, ó kàn ń wo ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lé èrò. Kí ìyàwó àbúrò yín nìkan máa bọ́ ọ, kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì ṣeé pọ̀n. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa lọ jókòó tì í níbẹ̀ lójoojúmọ́, bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó mú un kúrò. Ẹ béèrè irú ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, ohun tó ń jẹ láàárọ̀, orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Ẹ tọrọ ìró kan lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kí ẹ fún un ní tuntun dípò rẹ̀ (aṣọ ò kúkú wọ́n yín). Èyí tó bá fún yín, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Òórùn ara rẹ̀ lọmọ ń wá.

Èkó ló le jù. Lẹ́yìn kóòtù, ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí ìbí tuntun àti pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí àwọn Amẹ́ríkà yàn, kí ẹ tó dé ọ́fíìsì wọn ní Victoria Island. Ìwé adájọ́ nìkan ò tó wọn. Àwọn fúnra wọn á tún ṣèwádìí pé lóòótọ́ lọmọ ò lóbìí, pé kò sẹ́ni tó tà á. Mi ò bá wọn wí, ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń fi ìkókó ṣe nílẹ̀ yìí. Mo ti rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, oṣù márùn-ún ló gbà wá. Ibẹ̀ niṣẹ́ mi ní Houston ti bọ́. Kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n má sì ra ti ọmọ rárá kí físà tó jáde. Ìlànà físà fún àwa ọmọ Nàìjíríà ti ń yí padà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nítorí náà ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kọ ni kí àbúrò yín kà, kó má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lórí WhatsApp, títí kan èmi.

Ẹ mú ọ̀rá dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ Èkó. Tiwa ti bì lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dé Ìbàfò.

Ti oríkì, kí àgbà dá sí i. Ilé ọkọ mi kì í ki èèyàn.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:

Ẹ má bínú o, àmọ́ ṣé kò sọ́mọ nínú ẹbí yín ni? Ẹ̀yin fúnra yín ò lè yọ̀ǹda ẹyọ kan fún àbúrò yín? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn, kò sì sí kóòtù níbẹ̀.

Aláró Òkè-Fìà:

Àbígbẹ̀yìn mi la kọ́kọ́ rò. Òun gan-an ti ń kó ẹrù! Lọ́yà wọn ní Baltimore ló ní kò ṣeé ṣe. Bàbá rẹ̀ wà, èmi náà wà, à ń tọ́ ọ, lójú òfin Amẹ́ríkà kì í ṣe ọmọ òrukàn, fọ́ọ̀mù yẹn ò sì ṣiṣẹ́ fún un. Ọ̀nà kejì tó wà ni kí àwọn méjèèjì wá bá ọmọ gbé fún ọdún méjì gbáko. Ta ló máa san owó ilé wọn lọ́hùn-ún?

Akọ̀wé Kóòtù Fẹ̀yìntì:

Mo ṣiṣẹ́ kóòtù fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo ti rí ìwé ìgbàtọ́ tó bàjẹ́ nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ ní ọ̀nà kan sínú ìwé adájọ́, tí wọ́n kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn sínú ìwé ìbí, ẹ ti ń padà sí Òṣogbo nìyẹn. Ẹ kà á síta lójú akọ̀wé kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni ìpìlẹ̀. Tọkọtaya tó bá fẹ́ gba ọmọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti pé ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Òótọ́ ni ti oṣù mẹ́ta yẹn, kò sì gbọ́dọ̀ já láàárín. Òfin yẹn tún ní kí ẹni tó ń gba ọmọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ibi tó ń gbé. Kí àbúrò yín má fi èyí ṣeré: kó wá lọ́yà tó ń ṣe irú ẹjọ́ yìí gan-an, kó má jẹ́ lọ́yà ilẹ̀.

Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ kárí ayé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n kọ. Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró láti oṣù kẹta ọdún 2021. Tí adájọ́ bá parí ẹjọ́ níbí, tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ó kéré tán, sì ti fojú rí ọmọ kí ó tó parí, físà IR-3 ni wọ́n máa béèrè fún. Ọmọ tó bá fi ìyẹn wọ Amẹ́ríkà kó tó pé ọdún 18, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ìlú wọn ni lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Ohunkóhun tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá "rí òun" lẹ́yìn ọ́fíìsì, ẹ sá.

Kóòtù ò mọ oríkì. Lójú òfin, ọmọ yẹn á dà bí ẹni tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó wọn, tòun ti ogún. Àlùfáà yín náà ò purọ́, nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ọmọ àgbàtọ́ kì í jogún lọ́nà ti ọmọ bíbí, àmọ́ èèyàn lè fi wásíyà fún un ní nǹkan, títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Kí wọ́n jókòó sọ ìyẹn.

Màmá Òkukù:

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ àgbàtọ́ ni mí.

Ní Òkukù nígbà tiwa, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ á sun rárà ìyàwó káàkiri àdúgbò, á máa ki ilé bàbá rẹ̀, á máa ki ilé ìyá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ́ tiwọn láti ọdún tó ṣáájú. Mo bi ìyá tó tọ́ mi pé kí lèmi máa sọ. Ó dákẹ́ títí, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó wá ní, "Tèmi ni kí o sun." Ó sì kọ́ mi, alaalẹ́, a máa pa fìtílà kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo sun ún níwájú gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó ilé kan rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Bàbá àgbà ilé wa bọ́ sílẹ̀, ó fún mi lówó, owó gidi, kò sì wo ojú rẹ̀.

Títí dòní, bí ara mi ò bá yá, tí ẹnì kan bá kì mí báyẹn, mo máa ń dìde jókòó. Mi ò mọ ti Kùránì, kí àlùfáà má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà yẹn, níbi tí wọn ò ti ní mọ orúkọ rẹ̀ pè, kí ni ẹ fẹ́ kó fi dìde?

Aláró Òkè-Fìà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún):

Ẹ máa bínú, iṣẹ́ ló pọ̀. Màmá Òkukù, mo ka tiyín fún ìyá mi, ó ní kí n tún un kà.

Wọ́n dé. A fi ọjọ́ mẹ́jọ lọ bá a jókòó níbẹ̀. Mo lé èrò bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, àwọn ọmọ ìyá mi ṣì ń bínú sí mi. Mo fún obìnrin yẹn ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, ó tú ìró ìdí rẹ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀. Òun ló sunkún, ọmọ ò sunkún. Lóru ọjọ́ kìíní, ní nǹkan bí aago méjì, ó jí, ó ń pe "Àǹtí, Àǹtí." Ìyàwó àbúrò mi fi ìró yẹn pọ̀n ọ́n, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà. Báyìí ọmọ náà ti ń bú mi pé mi ò fọwọ́.

Àbúrò mi ti padà lọ. Wọn ò tíì dá ọjọ́ kóòtù, lọ́yà ṣì ń bá àwọn Abéré fa ọ̀rọ̀ ibùgbé yẹn.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, àbúrò bàbá wa yà láti mọ́ṣáláṣí. Ìyá mi gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń kì í lọ ràì, ó ti dé ìdí ìjàkadì. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì sọ̀rọ̀, títí ó fi kì í tán. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n mú dàbínù jáde. Wọ́n ní, "Àjàgbé, wá gbà." Orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n pè, wọn ò fi Ọ̀fà kún un. Ìyá mi wò mí, èmi náà wo ilẹ̀.

Aṣọ mi wà nínú aró, kí n lọ yọ ọ́.