Ìrora ò jẹ́ kí màmá mi sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé kí n ra tramadol fún wọn?

ỌmọBẹẹrẹ
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi lánàá ní ọsibítù kan níbí n'Íbàdàn, ìpá tó yọ ní ìdodo wọn ni. Màmá tóbi gan-an, kílò 118 ni òṣùwọ̀n gbé jáde. Látàná ni wọ́n ti ń ké ìrora, àwọn nọ́ọ̀sì gún wọn lábẹ́rẹ́ lálẹ́, wọ́n ní kò tíì tó àkókò fún òmíì. Àbúrò mi ní ahun ni wọ́n ń ṣe, pé ẹni tó tóbi tó yẹn, oògùn ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pọ̀, kí n kàn lọ ra tramadol ní Mókọ́lá kí n yọ́ fún wọn lò. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sìÀdúkẹ́
Ẹ má rà á o! Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tramadol, pentazocine, morphine, àwọn oògùn ìrora líle yìí, gbogbo wọn ló lè fa èémí èèyàn sẹ́yìn, pàápàá tó bá sùn. Ẹni tó sanra ló léwu fún jù, torí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ tètè ń dí lójú oorun. Ṣé màmá máa ń hanrun? Ṣé èémí wọn máa ń dúró díẹ̀, kí wọ́n tó ta gìrì bí ẹni tí omi ń gbé? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ fún dókítà báyìí. Ti kílò tí àbúrò yín ń sọ yẹn, ọ̀pọ̀ oògùn líle ló jẹ́ pé a kì í ka ọ̀rá mọ́ ọn tá a bá ń ṣírò ẹ̀, ahun kọ́.

ỌmọBẹẹrẹ
Háà, wọ́n ń hanrun o, bàbá mi ti kó lọ sí pálọ̀ tipẹ́. Ṣé ká wá máa wò wọ́n kí wọ́n máa jẹ̀rora ni?

Nọ́ọ̀sìÀdúkẹ́
Rárá. Tí ikùn bá ń dùn wọ́n, wọn ò ní lè mí kanlẹ̀, wọn ò ní fẹ́ wúkọ́, wọn ò ní fẹ́ dìde rìn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sáyà, ẹ̀jẹ̀ lè dì sẹ́sẹ̀. Ẹ béèrè bóyá paracetamol wọn ń lọ déédéé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ké nìkan. Àwọn èèyàn máa ń fojú di paracetamol, àmọ́ tó bá ń lọ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, abẹ́rẹ́ líle yẹn á dín kù. Ẹ má fi tiyín kún un o, gíráàmù 4 lóòjọ́ ni òpin ẹ̀ fún àgbà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá diclofenac, oògùn ìrora míì, bá màmá mu, torí kídìnrín, ọgbẹ́ inú àti BP, àti bóyá dókítà tó kùn wọ́n lóorun lè gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú tipiri.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà
Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn sókè o, kí wọ́n má sùn gbalaja. Tí ikọ́ bá ń bọ̀, kí wọ́n gbá pílò mọ́ ikùn kí wọ́n tó wú u, bí mo ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé àwọn ìbejì mi jáde, èmi náà ò sì kéré lára 😂 Àwọn tó ń wá kí wọn ńkọ́, kí wọ́n má gbé àgbo wọlé o.

ỌmọBẹẹrẹ
Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi nǹkan kékeré kan tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há màmá lọ́mọ ìka, ó ń ka 95, wọ́n sì ti so paracetamol kọ́. Àbúrò mi ń bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sìÀdúkẹ́
Ẹ fi sílẹ̀ kó máa bínú. Tí nọ́ńbà yẹn bá ń já wálẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ pe màmá tí wọn ò tètè dáhùn, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì.