Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣọ́ àpáta òfuurufú rí, ẹ wá sọ ìrírí yín

Olùkọ́ físíìsì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí àwọn òbí kan rò pé ṣe ni àwọn ọmọ wa kàn ń fi àwòrán dúdú ṣeré lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe.

Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ International Astronomical Search Collaboration, IASC, ètò tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá àpáta òfuurufú (asteroid) nínú àwòrán sánmà. Yunifásítì Hardin-Simmons ní Texas ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Miller ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọmọ tó lè fara balẹ̀, ó ti tó.

Awò awọ̀nàjíjìn Pan-STARRS ló ń ya àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa. Orí òkè Haleakalā ló wà, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, níbi tó ga ju 3,000 mítà lọ. Ojú kan náà ní sánmà ni wọ́n máa ń yà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sáàárín. A óò wá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú Astrometrica, ètò kọ̀ǹpútà tí Herbert Raab ará Austria kọ. Ètò yìí á kọ́kọ́ fi ìràwọ̀ inú àwòrán wé àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí a ti mọ ibi tí wọ́n wà, lẹ́yìn náà yóò máa fi àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn kíákíá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Gbogbo ìràwọ̀ á dúró sójú kan. Èyí tó bá ń rìn, ojú lá fi ń mú un.

Lọ́jọ́ tí ọmọ SS2 kan kọ́kọ́ rí i, ó fò dìde: “Sà, ó ń lọ! Ó ń lọ o!” Kíláàsì dàrú. Mi ò bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n rírí nìkan kò tó. Ṣé ó ń tọ ọ̀nà tààrà? Ṣé ìrìn rẹ̀ dọ́gba láti àwòrán kan sí èkejì? Ṣé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣe ségesège? Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ó bá yege, a óò kọ ìròyìn tí yóò dé Minor Planet Center ní Cambridge, Massachusetts, níbi tí wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ àwọn àpáta òfuurufú jọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà kò kọjá 80: ọjọ́, àkókò, ibi tó wà, bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó, a ó sì fi F51 parí rẹ̀, ìyẹn àmì Pan-STARRS. Inú mi máa ń dùn gan-an pé ohun tí ọmọ Ìbàdàn wọ̀n wọ inú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé ìwé girama ni èmi náà ti ṣe tèmi. Èyí tí mo rántí jù ni èyí tí a ò fi ránṣẹ́. Àmì kan hàn nínú àwòrán kìíní àti ìkejì, ó sọnù nínú ìkẹta, ó tún yọ ní ìkẹrin, ṣùgbọ́n ó ti yà kúrò lọ́nà tó ń tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ká fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá orí á ṣe é. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹnìkan níbìkan ni yóò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì yẹ ká fi ìrètí lásán gba àkókò rẹ̀.

A rí òmíràn tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí àwárí tí wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún rí i lálẹ́ mìíràn kó tó gba orúkọ onígbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni yóò gbà kó tó gba nọ́ńbà. Ó ṣì ń dúró. Àárín Mars àti Jupiter ló wà, bíi ti ọ̀pọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí, kò sì lè ṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni èrè ẹ̀? Mo ní bí a kò bá mọ èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, báwo la ṣe máa dá èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ̀?

Ìyá ọmọ kan, London

Ẹ dákun, olùkọ́. Nígbà tí ariwo àpáta òfuurufú tí wọ́n ń pè ní 2024 YR4 gba ìròyìn, pé ó lè kọ lu ayé, ọmọ mi ọkùnrin kò lè sùn. Kí ni kí n sọ fún un?

Olùkọ́ físíìsì, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ náà, ẹ̀rù á dín kù. Y túmọ̀ sí ìdajì kejì oṣù Kejìlá. R àti 4 fi hàn pé òun ni nọ́ńbà 117 tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín ìdajì oṣù yẹn. Awò ATLAS ní Chile ló rí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 2024. Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n ṣírò pé ó ṣeé ṣe, ní ìdá tó fi díẹ̀ ju 3 nínú 100 lọ, pé yóò kọ lu ayé lọ́dún 2032. Bí wọ́n ṣe ń wò ó sí i, nọ́ńbà náà wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Àpáta náà kò yí ọ̀nà padà. Ẹni tó rí ọ̀kadà níkòríta kan ṣoṣo kò lè mọ ibi tó ń lọ. Bí ó bá tún rí i níkòríta kejì àti ìkẹta, yóò mọ àdúgbò.

Àpáta tí wọ́n sì ń pè ní eléwu, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ipa ọ̀nà rẹ̀ sì lè sún mọ́ ti ayé ní mílíọ̀nù kìlómítà 7.5 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀ wá kọ lù wá. Èyí tó ń dà mí láàmú ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí. Àpáta tó bú gbàmù lójú sánmà Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, 2013, kò ju bíi mítà 20 lọ. Apá ibi tí oòrùn wà ló gbà wá, kò sí ẹni tó mọ̀ ṣáájú, gíláàsì fèrèsé tó fọ́ sì ṣe ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ léṣe.

Ẹ sọ fún un nípa Apophis náà, àpáta òfuurufú mìíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, 2029, yóò kọjá ní nǹkan bíi 32,000 kìlómítà sí wa, kò ní kọ lù wá, àwọn tó wà ní Yúróòpù àti Áfíríkà á sì lè fi ojú lásán rí i bí kùrukùru ò bá sí. Títí dìgbà náà, ẹ bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní IASC. Bí Astrometrica bá fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ kọ sí mi níbí, èmi àti àwọn ọmọ mi á ṣàlàyé fún wọn.